Ọmọ Ogun Kan Kì Í Kéré: Ìtàn Eré Ogun Inú Páálí

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ eré díẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ ayò 48 ni ọpọ́n ayò ń gbà. Bí ọ̀kan bá sọnù, ẹ ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan fi rọ́pò rẹ̀, ayò á sì máa lọ. Àmọ́ eré ogun tí àwọn òyìnbó ń tà nínú páálí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Eré yìí ti pẹ́. Ní 1824, ọ̀dọ́ ológun kan ní ilẹ̀ Prussia, Georg von Reisswitz, gbé Kriegsspiel jáde, èyí tí àwọn ológun fi ń kọ́ ogun jíjà lórí máàpù. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ irú eré yìí di ọjà fún gbogbo ayé ni Charles S. Roberts, ará Maryland ní Amẹ́ríkà. Ó fẹ́ di ọ́físà, ó sì wá ohun tí yóò fi kọ́ ọgbọ́n ogun. Ní 1954 ó tẹ Tactics jáde. Bíi 2,000 péré ló tà, síbẹ̀ kò mú un bí ẹni pàdánù. Ní 1958 ó dá Avalon Hill sílẹ̀, ó sì gbé Gettysburg jáde, eré nípa ìjà kan nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n jà ní July 1863.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ta á? Páálí wẹ́wẹ́ ni ọmọ ogun, a sì kọ nọ́ńbà agbára sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó fi agbára ẹni tó ń kọlù wé ti ẹni tó ń dáàbò bo ara rẹ̀, ẹ ó ju dáìsì, ẹ ó sì wo àtẹ àbájáde. Orúkọ àwọn ọ̀gágun tó jà ní Gettysburg wà lára páálí náà, wákàtí tí kálukú wọn dé ojú ogun sì wà nínú òfin eré. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Bí páálí kan bá sọnù, ọ̀gágun kan ni kò dé ojú ìjà. Òkúta wo lẹ ó fi dípò rẹ̀?

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣa eré àtijọ́ jọ fi máa ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó sanwó. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì já àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kúrò lára páálí tí a tẹ̀ wọ́n sí, òun ni ọ̀gá. Wọ́n tún ń wo máàpù: Gettysburg ti 1958 àti ti 1964, igun mẹ́rin-mẹ́rin ló pín sí, ti 1961, igun mẹ́fà-mẹ́fà ni. Bí máàpù 1961 bá wà nínú páálí 1958, àdàlù ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín bí ojúlówó.

Gbèsè wọ Roberts lọ́rùn, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn òǹtẹ̀wé rẹ̀. Hasbro rà á ní 1998. Roberts fúnra rẹ̀ kú ní 2010. Èyí tó wà nílẹ̀ ti ìgbà náà nìkan ló wà, kò sí ẹni tí yóò tún 1958 ṣe.

Ẹ̀yin tó wà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, bí ẹ bá rí irú páálí bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù, ẹ ṣí i, ẹ kà á. Ẹ kó àwọn wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ máàpù, nítorí yóò bà á jẹ́. Bí ẹ bá ya fọ́tò ọmọ ogun tó sọnù fi dí àyè, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń rà.

Ẹgbẹ́ wa náà ń kọ́? Bí ẹ bá ti ń ka orúkọ nínú ìwé kíláàsì wa, tí ẹnì kan kò sí níbẹ̀, ẹ wá a kàn. A kì í fi òkúta dípò ọmọ ilé-ìwé ẹni.