Ìtọ́jú Àwọn Arúgbó ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọjà Jánkárà ni àwọn ará Èkó mọ̀ mọ ewé àti àgbo. Ibẹ̀ ni a sì ń rán ọmọdé sí nígbà tí orúnkún bá ń dun ìyá àgbà nílé. Ọmọ tí a ń rán yìí gan-an ni a fẹ́ kí olùkàwé wa fi ọkàn sí, nítorí òun ni nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí arúgbó ní ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ní ayé àtijọ́, ilé ẹbí ni ó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Arúgbó kì í san owó ilé níbẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé a máa gbọ́ oúnjẹ rẹ̀, ọmọ-ọmọ a máa bá a sùn ní yàrá, àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ a sì máa fi owó ránṣẹ́ bí oṣù bá parí. Òótọ́ ni pé ilé ìwòsàn ńlá ti wà ní erékùṣù Èkó láti ọdún 1893, ṣùgbọ́n ogbó kì í ṣe àrùn. Ta ni yóò gbé ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀ nítorí pé ó dàgbà?

Bí arúgbó kò bá lè dìde mọ́, wọn a máa yí i padà lórí ẹní. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré iṣẹ́ yìí. Awọ ara arúgbó fẹ́lẹ́. Bí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀ pẹ́ títí, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibi tí egungun tẹ̀ mọ́lẹ̀, egbò a sì yọ ní ìdí àti ní gìgísẹ̀. Ní ọdún 1962, nọ́ọ̀sì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Doreen Norton, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé yíyí aláìsàn padà déédéé ṣe é ní àǹfààní ju ìpara lọ. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1935, dókítà Marjory Warren ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn arúgbó tí a ti fi sílẹ̀ lórí ibùsùn ní West Middlesex dìde, púpọ̀ nínú wọn sì padà sílé.

Ọdún 1955 ni ọ̀ràn náà yí padà ní Èkó. Ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní Lagos Executive Development Board, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku, bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àárín ìlú, lórí ilẹ̀ tí ó tó ékà 70. A kó púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn lọ sí Súrùlérè. Àrùn eku kì í ṣe àròsọ, ilé tuntun náà sì mọ́ ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ilé ọkọ, aya àti ọmọ ni, kì í ṣe ilé ẹbí, owó ilé sì ń bẹ lórí rẹ̀. Peter Marris, ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó wádìí ọ̀ràn náà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, rí i pé ìbẹ̀wò ẹbí dínkù nítorí owó ọkọ̀, owó tí àwọn arúgbó ń rí gbà lọ́dọ̀ ẹbí náà sì dínkù. Àwọn obìnrin tí ń tajà pàdánù oníbàárà wọn. Lójú tiwa, a ka yàrá àti gọ́tà, a kò ka ẹni tí ń yí ìyá àgbà padà lóru.

Arúgbó sì ń pọ̀ sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé àwọn ẹni ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tó bílíọ̀nù 1 ní ọdún 2020, yóò di bílíọ̀nù 2.1 ní 2050. Ní 2012 ni ilé ìwòsàn U.C.H. ní Ìbàdàn ṣí ibùdó ìtọ́jú arúgbó tirẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Nọ́ọ̀sì tí ó bá kọ́ iṣẹ́ yìí a máa bi arúgbó léèrè nípa oorun rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, àti bóyá ó ti ṣubú láìpẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè pé, “Ìyá, ta ni ẹ̀ ń bá gbé?”