Àwọn Ọ̀dọ́ tí Ìjọba Ṣà Lẹ́ṣà ní Èkó Àtijọ́

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fìdí kalẹ̀ tán ní Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, arómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, tí wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ju agbára Òyìnbó nìkan lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn ọ̀dọ́ tí orí wọn pé láàárín àwọn ọmọ Sàró, ìran àwọn tó padà wá láti Sàró (Sierra Leone), wọ́n sì ń gbé wọn ga ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ọ̀kan ni Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, tí ìjọba rán lọ sí Plymouth ní 1890 láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Nígbà tó padà dé ní 1893, wọ́n fi í ṣe awọnlẹ̀ ilẹ̀ ìjọba, ọmọ Èkó tí ń fa okùn ìwọ̀n kọjá lórí ilẹ̀ Èkó lórúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ọwọ́ Macaulay mọ́ tónítóní, síbẹ̀ àwọ̀ ara rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n kà á mọ́ àwọn Òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1898. Nígbà tí Olóyè Olúwa, ọ̀kan lára àwọn ìjòyè Èkó, gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà dé Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay ló bá a lọ, Olúwa sì jàre ní 1921.

Henry Carr ní tirẹ̀, tó gba oyè B.A. ní Fourah Bay ní 1882, tó sì wọ iṣẹ́ ìjọba ní 1889, kò kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló fi ọ̀pọ̀ ọdún bójú tó, títí wọ́n fi sọ ọ́ di Rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn aṣojú ìjọba, ní Èkó ní 1918. Ìgbéga yìí gan-an ló kó o sí wàhálà, nítorí nígbà tí ọ̀rọ̀ Elékòó Èṣùgbàyí, ọba Èkó, dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìjọba àti ìlú, ẹnu ìjọba ni ìjọba retí pé kó fi sọ̀rọ̀, ọmọ ìlú sì ni ìlú kà á sí. Ó di àdán tí kò ṣe eku, tí kò ṣe ẹyẹ. Ní 1924, Macaulay fi ìwé pélébé kan kéde pé kí Carr máa lọ, ọdún náà ló sì fẹ̀yìn tì.

Èmi kò gbà pé Carr ta ìlú rẹ̀. Ìbéèrè kan náà, “Ti ta lo ń ṣe?”, ni wọ́n bi àwọn méjèèjì, ìdáhùn wọn ló yàtọ̀, àwọn tó sì gbé wọn sí oríta yẹn ni mo dá lẹ́bi. Ìwé tí Carr kó jọ, tó tó 18,000, ni ìjọba rà lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n sì wà lára ohun tí wọ́n fi pilẹ̀ ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn.