Kí ló dé tí Kano fi kọ oògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀?

A máa ń sọ pé àìmọ̀kan ló mú kí àwọn òbí ní Kano ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń kán oògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu ní 2003. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1996, àrùn lọ́rùnlọ́rùn jà ní Kano. Iléeṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò níbẹ̀. Ọmọ 200 ni, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn. Ọmọ 11 kú. Àwọn òbí kan ní ẹnikẹ́ni ò sọ fáwọn pé ìdánwò ni. Iléeṣẹ́ náà ní àwọn sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù.

Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé oògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ń sọ obìnrin di àgàn, irọ́ ni, àmọ́ wọ́n gbà á gbọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ dá iṣẹ́ dúró fún bí ọdún kan. Àrùn náà sì ràn dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èébú kọ́ ló tún un ṣe. Wọ́n yẹ oògùn náà wò, wọ́n gba èyí tó wá láti Indonesia, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, iṣẹ́ sì tún bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Keje 2004. Ní 25 Oṣù Kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ àdánidá ti kúrò ní Áfíríkà.

Bí àrùn mìíràn bá dé, tí aládùúgbò wa bá ń bẹ̀rù oògùn, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló gbọ́. Ohun tó bá dájú, ẹ sọ ọ́; ohun tí kò bá dájú, ẹ sọ pé kò dájú.