Àwọn Alààyè Àìfojúrí inú Àpáta Amọ̀ àti Ibi Ìpamọ́ Pàǹtí Níúkílíà

Ìlú Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ìtànṣán olóró, nítorí láti ọdún 1964, lẹ́yìn tí àwọn Faransé ti yin bọ́ǹbù átọ́míìkì ní aṣálẹ̀ Sàhárà, ni Ìjọba Àpapọ̀ ti dá iléeṣẹ́ tí yóò máa ṣọ́ ìtànṣán sílẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ físíìsì Yunifásítì Ìbàdàn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn: ẹni tó bá ń lo agbára átọ́míìkì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò kó pàǹtí rẹ̀ sí, nítorí òmíràn nínú rẹ̀ a máa gbé ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ọdún kí oró rẹ̀ tó rọ̀.

Swítsàlandì, Faransé àti Bẹ́ljíọ̀m ti gbójú lé àpáta amọ̀ tó jinlẹ̀, nítorí pé agbára káká ni omi fi ń kọjá nínú rẹ̀, ó ń wú dí ibi tó bá là lára rẹ̀, ó sì ń di ohun olóró mú ṣinṣin. Oklo ní orílẹ̀-èdè Gàbọ̀n jẹ́rìí sí i: ní 1972 ni wọ́n rí i pé yuréníọ̀mù inú ilẹ̀ ibẹ̀ ti jó fúnra rẹ̀, bíi ti inú ẹ̀rọ níúkílíà, ní nǹkan bí bílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn, tí púpọ̀ nínú àṣẹ́kù rẹ̀, tí amọ̀ yí ká, kò sì rìn jìnnà.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò ṣófo. Ní Mont Terri, ní Swítsàlandì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lábẹ́ òkè láti 1996, nínú amọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 174 ọdún, àwọn olùwádìí da háídírójìn sínú kànga tóóró tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 sì fi hàn pé àwọn bakitéríà kan ń fi háídírójìn náà ṣe oúnjẹ, òmíràn ń jẹ òkú àwọn ti ìṣáájú, òmíràn sì ń fi sọ́lféètì inú omi mí dípò ọ́síjìn.

Ojú méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ní. Irin tí a fi dé pàǹtí mọ́lẹ̀ yóò máa dípẹtà, yóò sì máa tú háídírójìn jáde tí yóò máa ti àpáta. Bakitéríà tó bá jẹ ẹ́ tán ti ṣe wá lóore, àmọ́ sọ́lfáìdì tó ń yọ lára rẹ̀ a tún máa jẹ irin. Àyè ni ó ń ṣe ìdájọ́. Púpọ̀ nínú ihò inú amọ̀ tí a kò fọwọ́ kàn kò ju nánómítà 10 sí 20 lọ, bakitéríà sì sábà máa ń tó nánómítà 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ráyè rìn, kò ráyè bí sí i. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́: ọwọ́ wa tó ń gbẹ́lẹ̀ ni ó ń la ẹnu ògiri náà, nítorí náà ni a fi gbọ́dọ̀ fi amọ̀ bẹ́ǹtónáìtì tí a ki pọ̀ dáadáa dí gbogbo ihò tí a bá gbẹ́.

Ìbàdàn fúnra rẹ̀ kò jókòó lórí irú amọ̀ yìí. Àpáta líle àtayébáyé ni ó wà lábẹ́ òkè Mápó àti Mọ́kọ́lá. Amọ̀ dídì wà ní ìhà Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lórí òkúta ẹfun ibẹ̀. Àwa náà kò sì ṣàì ní pàǹtí olóró: ẹ̀rọ níúkílíà kékeré fún ìwádìí ti ń ṣiṣẹ́ ní Zaria láti 2004, àwọn iléewòsàn wa sì ń lo ohun olóró láti wo àrùn jẹjẹrẹ. Kí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti àwọn onímọ̀ kòkòrò àìfojúrí wa jọ yẹ amọ̀ Ewékorò náà wò nísinsìnyí, kí a mọ ohun tó ń gbé inú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dábàá gbígbé ẹrù olóró sí i lọ́wọ́.