Ta Ni Ọmọ Ta? Ìdílé Yorùbá àti Ìwé Ìrìnnà

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. N kò kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, n kò sì í ṣe òpìtàn. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi tí ó mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìtàn àtijọ́ wò. Ohun náà ni n ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi.

Ọmọ́lé ni mo ń gbé, nítòsí Ọgbà àti Òjòdú, ní agbègbè Ìkẹjà sí Agége tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí. Àkọ́bí mi tí ó wà ní ìlú Òyìnbó ni ó ránṣẹ́ sí wa pé òun ti sanwó ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ fún wa, ọjọ́ méje lórí òkun láti èbúté Southampton, láti fi ṣe àjọyọ̀ ọgbọ̀n ọdún tí èmi àti ìyá rẹ̀ ti fẹ́ ara wa. Àwa márùn-ún ni yóò lọ: èmi, ìyàwó mi, ọmọ wa méjì tí ó kù nílé, àti Àdùkẹ́. Ọjọ́ ti kọjá lórí ìwé ìrìnnà àwa mẹ́rin. Àdùkẹ́ kò tilẹ̀ ní ọ̀kan rí. Ọmọ àbúrò mi tí ó ti dolóògbé ni. Abidjan ni a ti bí i, ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni ó ti wà lọ́dọ̀ wa, ó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì tí a ti ń gba ìwé ìrìnnà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó sídìí tábìlì bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ jẹ́ sí ọmọ yìí?’ Mo ní, ‘Bàbá rẹ̀ ni mí.’ Ó wo ìwé ẹ̀rí ìbí tí a fi èdè Faransé kọ, ó ní, ‘Orúkọ yín kọ́ ni ó wà níbí, sà.’

Ìbéèrè ọmọkùnrin yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Èrò mi ni pé ìwé tí ènìyàn fi ń rìnrìn-àjò máa ń sọ ohun tí a jẹ́ sí ara wa, àti pé ẹni tí ó ní àṣẹ láti kọ ọ́ ni ó ń pinnu ohun tí yóò sọ.

Ilà Ojú àti Bodè

Kí ìwé tó dé, ara ni a ń kà. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, ó ṣàlàyé ilà ojú wa lẹ́sẹẹsẹ: àbàjà, kẹ́kẹ́, gọ̀ǹbọ́, pélé àti àwọn mìíràn. Bí arìnrìn-àjò bá dé bodè, oníbodè yóò wo ojú rẹ̀, yóò gbọ́ ẹ̀ka-èdè rẹ̀, yóò bi í léèrè ilé tí ó ń lọ, yóò sì gba owó bodè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìránṣẹ́ ọba, ọ̀pá àṣẹ tàbí àrokò tí ó mú lọ́wọ́ yóò ṣe àlàyé.

Ẹ kíyè sí i pé ilà ojú kì í sọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Ìdílé àti ìlú ni ó ń sọ. Ọmọ tí agboolé kan bá kọ ní ilà tirẹ̀, ọmọ agboolé náà ni lójú oníbodè. N kò sọ pé ayé ìgbà náà dára ju tiwa lọ o. Ní àkókò ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilà kan náà tí ó ń fi ènìyàn hàn fún ọ̀rẹ́ lè fi í hàn fún ọ̀tá.

Láti Bahia Dé Èkó

Ogun wọ̀nyẹn náà ni ó kó àìmọye àwọn ènìyàn wa dé Brazil. Ní oṣù Kìíní ọdún 1835, àwọn ẹrú àti àwọn tí ó ti gba òmìnira, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí Nàgó, ìyẹn Yorùbá, dìde ogun ní ìlú Salvador ní Bahia. Ìjọba borí wọn. Lẹ́yìn èyí, wọ́n lé àwọn kan kúrò nílùú, ìnira sì mú kí àwọn mìíràn tí ó ti gba òmìnira wá ọ̀nà ilé fúnra wọn. Ọwọ́ àwọn ọlọ́pàá Bahia ni wọ́n ti ń gba ìwé ìrìnnà. Pierre Verger lo àkọsílẹ̀ àwọn ìwé náà nínú iṣẹ́ ńlá tí ó tẹ̀ jáde ní Paris ní 1968.

Ohun méjì ni ó jọ mí lójú nínú ọ̀rọ̀ àwọn ìwé wọ̀nyí. Èkíní ni orúkọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé olówó ẹrú ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí lórúkọ. Orúkọ yẹn ni ìwé gbé, orúkọ yẹn ni wọ́n sì gbé dé Pópó Àgùdà ní Èkó, tí ó fi di orúkọ ìdílé pàtàkì. Èkejì ni pé ìwé kan ṣoṣo lè gbé olórí ilé, ìyàwó, ọmọ, àti àwọn mìíràn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìwé náà gba orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ó fi agboolé sílẹ̀ fún wọn.

Abẹ́ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì

Ní 1861, Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ó sì sọ ọ́ di ilẹ̀ ọba wọn. Nígbà tí ó yá, ilẹ̀ Yorùbá yòókù bọ́ sábẹ́ ààbò wọn, ṣùgbọ́n ‘ilẹ̀ ọba’ àti ‘ilẹ̀ abẹ́ ààbò’ kì í ṣe ohun kan náà nínú òfin. Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ ìyá méjì, tí bàbá wọn jẹ́ ará Ìbàdàn. Bí a bá bí ẹ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, ẹni abẹ́ ààbò ni. Bí a bá bí àbúrò ní Èkó, ọmọ-abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni. Ọmú kan náà ni wọ́n mu, ṣùgbọ́n ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ó kọ sínú ìwé ìrìnnà wọn. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960 ni ìyàtọ̀ yẹn tó parẹ́, tí àwọn méjèèjì di ọmọ Nàìjíríà.

Irú ìwé tí a mọ̀ lónìí kò pẹ́ láyé rárá. Ní 1915, nígbà ogun àgbáyé kìíní, ni Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di dandan kí àwòrán wà nínú ìwé ìrìnnà, ìpàdé tí a ṣe ní Paris ní 1920 ni ó sì fún gbogbo ayé ní àpẹẹrẹ kan náà láti tẹ̀ lé. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn, ọkùnrin ni ó ni ìwé. Àyè wà nínú rẹ̀ fún ìyàwó àti fún àwọn ọmọ.

Báyìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe wọ ọkọ̀ iléeṣẹ́ Elder Dempster: Accra, Apapa, àti Aureol tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni láti Liverpool dé Àpápá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì àti lọ́yà ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí gbé lọ tí wọ́n gbé bọ̀, títí Aureol, tí ó kẹ́yìn wọn, fi ṣíwọ́ ní 1974. Lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí ó bá àwọn òbí wọn rìn nígbà náà, ìwé ìyá tàbí ti bàbá ti tó.

Àwọn Tí Ìwé Kò Gbè

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ láàárín wa kò lè gbàgbé oṣù Kọkànlá ọdún 1969. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù náà, ìjọba Kofi Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìníṣà àti Ṣakí ti ń ṣòwò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti bímọ, àwọn ọmọ náà sì ti bímọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí Nàìjíríà rí. Àwọn aládùúgbò mọ̀ wọ́n, oníbàárà mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ìwé kò mọ̀ wọ́n. Wọ́n fi ọjà sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí a jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n gun ọkọ̀ lọ sí ìlú tí ó jẹ́ pé ẹnu òbí nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ.

Kí a má rò pé ilẹ̀ Adúláwọ̀ nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 2018, gbogbo ayé gbọ́ nípa àwọn tí a ń pè ní ìran Windrush ní Britain, orúkọ tí a fà yọ láti inú ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé àwọn ará Caribbean dé ibẹ̀ ní 1948. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọdé tí ó bá ìwé ìrìnnà òbí wọn wọlé kí ọdún 1973 tó dé. Ẹ̀tọ́ láti gbé níbẹ̀ wà fún wọn, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìwé tí ó dá dúró, ìjọba sì ti ba káàdì tí a kọ nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ jẹ́ ní 2010. Àwọn àgbà tí ó ti sin ìlú náà ní ogójì ọdún pàdánù iṣẹ́ àti ilé. A tilẹ̀ lé àwọn mìíràn kúrò. Ọmọ tí ó fara pamọ́ sínú ìwé ìyá rẹ̀ ti dàgbà, kò sì rí ara rẹ̀ nínú ìwé kankan.

Ẹnì Kọ̀ọ̀kan àti Ìwé Tirẹ̀

Nítorí náà, mo lóye ìdí tí ayé fi yí padà. Láti 1998, Britain fẹ́ kí ọmọdé ní ìwé tirẹ̀, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú náà sì fọwọ́ sí i pé ẹnì kan, ìwé kan. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwé ìrìnnà abánáṣiṣẹ́ ní 2007, tí ìka ọwọ́ ẹni wà nínú rẹ̀.

Àǹfààní ńlá wà nínú èyí, pàápàá fún obìnrin. Títí di àìpẹ́ yìí, obìnrin tí ó lọ́kọ ní Nàìjíríà níláti mú lẹ́tà ìyọ̀ǹda ọkọ rẹ̀ wá kí a tó fún un ní ìwé ìrìnnà. Priye Iyalla-Amadi, ìyàwó Elechi Amadi, òǹkọ̀wé ìtàn-àròsọ tí gbogbo wa mọ̀, ni ó pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Ní 2009, Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Port Harcourt dá a láre pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin ilẹ̀ wa. Àgbàlagbà obìnrin kì í ṣe ọmọ ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

Lẹ́tà ìyọ̀ǹda ṣì wà fún ọmọdé, ó sì tọ́. Àwọn tí ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ tà sílẹ̀ òkèèrè pọ̀, ‘bàbá rẹ̀ ni mí’ sì ni gbogbo wọn máa ń wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bi mí léèrè kò ṣẹ̀ mí. Ohun tí ó dùn mí ni pé òtítọ́ ni mo sọ, n kò sì ní ohun tí mo lè fi tì í lẹ́yìn. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nínú fọ́ọ̀mù, òbí méjì péré ni àyè wà fún.

Ìkádìí

Ìyá Àdùkẹ́ ń tajà ní Abidjan, níbi tí àwọn ará Èjìgbò pọ̀ sí. A ránṣẹ́ sí i. Ó kọ lẹ́tà, a túmọ̀ ìwé ẹ̀rí ìbí, a sì lọ búra nílé-ẹjọ́ pé Adouké tí akọ̀wé Faransé kọ àti Àdùkẹ́ tí ó wà nínú ìwé iléèwé jẹ́ ẹnì kan náà. Òfin ọdún 1999 kò ṣiyèméjì pé ọmọ Nàìjíríà ni ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, níbikíbi tí a bá bí i sí. Àtifi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ni ó gba oṣù mẹ́ta.

Àkọ́bí mi bẹ̀ wá pé kí a fi ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá òun, kí owó má baà ṣòfò. Ìyàwó mi ní bí Àdùkẹ́ kò bá wọ ọkọ̀, òun náà kò ní í wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ náà lọ. Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn tí ó lọ ni ìwé ọmọ náà jáde.

Ẹ̀bẹ̀ méjì ni n ó fi kásẹ̀ ọ̀rọ̀ mi nílẹ̀. Mo bẹ àwọn tí ń ṣòfin pé kí wọ́n wá àyè fún alágbàtọ́ tòótọ́ nínú àkọsílẹ̀ ìlú, lọ́nà tí kò ní í ṣílẹ̀kùn fún gbọ́mọgbọ́mọ. Mo sì bẹ gbogbo ẹ̀yin tí ọmọ ẹbí wà nílé yín: bí ẹ bá padà délé lálẹ́ yìí, ẹ wo inú àpótí, kí ẹ wò ó bóyá ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ náà wà níbẹ̀, àti orúkọ tí a kọ sínú rẹ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò ṣí.