Gbígbé Ààlà Ìyípo Ẹ́ńjìnì Sókè

Ààlà ìyípo ni iye ìgbà tí àwọn tí wọ́n ṣe mọ́tò gbà fún ẹ́ńjìnì láti yí ní ìṣẹ́jú kan. Bí awakọ̀ bá tẹ iná kọjá ibẹ̀, brain box, kọ̀ǹpútà tí ń darí ẹ́ńjìnì, ni yóò dá epo dúró tàbí kí ó gba iná lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, tí mọ́tò yóò fi máa ta gìrìgìrì bí ẹṣin tí a fa ìjánu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí eré mọ́tò ń gùn rò pé ahun ni ó mú kí wọ́n fi ìjánu náà sí i, pé agbára kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a fi pamọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá dúró ní Kútọ̀ tàbí Láfẹ́ńwá ní Abẹ́òkúta, nílé Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí, yóò rí Toyota Corolla bí ẹní rí eṣú, ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE sì ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe láàrin ọdún 2003 sí 2008. Toyota kan náà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Yamaha, ni ó ṣe 2ZZ-GE, èyí tí wọ́n fi sínú Celica GT-S, tí Lotus sì yá fún Elise. Lítà 1.8 ni àwọn méjèèjì, ọmọ ìyá kan náà sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò dọ́gba. Písítìnì ẹ̀gbọ́n, 1ZZ-FE, ń rin mìlímítà 91.5 ní ìgòkè kan, ti àbúrò, 2ZZ-GE, kò ju 85 lọ. Agbára ẹ̀gbọ́n, ẹṣin 130, ti pé ní ìyípo 6,000, nígbà tí ti àbúrò, ẹṣin 180, kò pé títí di 7,600, nítorí ojú méjì ni ọ̀pá tí ń ṣí fáàfù rẹ̀ ní, ojú kejì kì í sì í là títí di nǹkan bí 6,200.

Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní 6,000, ìgbà 100 ni písítìnì ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ó bá dé òkè, kọ́ńródù àti bóòtù rẹ̀ ni ó ń fà á padà, ìfà yìí sì ni ó ń pa ẹ́ńjìnì: láti 6,500 sí 8,000, ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìyípo fi lé, ṣùgbọ́n ìfà fi ju ìdá 50 lọ. Sípíríǹgì fáàfù náà ń jìyà tirẹ̀, nítorí bí kò bá lágbára tó láti dá fáàfù padà sílé kí písítìnì tó dé, àwọn méjèèjì yóò pàdé, ìpàdé náà kì í sì í ṣe ti ọ̀rẹ́. Àwọn ọmọ Ògún Lákáayé tí ń ṣe mọ́tò mọ èyí: kò sí ajá tí a lè fi bọ Ògún tí yóò sọ bóòtù tí ó ti rẹ̀ di tuntun.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: inú ẹ́ńjìnì ni ẹni tí yóò gbé ààlà sókè ti ń bẹ̀rẹ̀. Sípíríǹgì tí ó le ni a kọ́kọ́ ń fi sí i, bóòtù kọ́ńródù tí ó lágbára ju ti àtijọ́ lọ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà a wọn gbogbo ohun tí ń yí kí wọ́n lè bára dọ́gba. Ọ́ìlì pọ́ǹpù 2ZZ-GE pàápàá ń béèrè jíà tí ó le ju ti ilé iṣẹ́ lọ, nítorí a mọ̀ ọ́n mọ́ fífọ́ bí ìyípo bá kọjá ààlà, ẹ́ńjìnì tí kò sì rí ọ́ìlì mu yóò nọ́ọ̀kì kí awakọ̀ tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ìgbà yìí nìkan ni a ń fọwọ́ kan brain box, tí a ó máa fi ìyípo 200 lé e díẹ̀díẹ̀, tí a ó sì dúró níbi tí ẹ̀rọ tí ń wọn agbára mọ́tò bá ti fi hàn pé agbára ń wálẹ̀.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: brain box kò lè gba awakọ̀ sílẹ̀ bí ó bá ń wá jíà kẹrin tí ó sì fi ọwọ́ bọ jíà kejì, nítorí táyà ni ó ń yí ẹ́ńjìnì nígbà náà, kì í ṣe epo.

Ní ti Corolla onígbà-gbogbo tí a kò pààrọ̀ ohunkóhun nínú rẹ̀, ariwo nìkan ni 8,000 yóò fi kún un. Ibi tí Toyota fi ààlà rẹ̀ sí ni kí olówó rẹ̀ fi í sílẹ̀ sí.