Àyàlé: Ìtàn Yíya Àwòrán Lé Fíìmù láti Ọdún 1915

Nígbà tí a wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹgba ni èrè ọmọ tí olùkọ́ bá ká mọ́ ibi tí ó ti fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé orí àwòrán inú ìwé, tí ó ń fi pẹ́ńsù tọ ìlà rẹ̀. Àdàkọ ni wọ́n ń pè é, orúkọ kan náà tí a ń pe ìwà ọmọ tí ó bá yọjú wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀ nínú ìdánwò. Èrò yìí kò tíì kúrò lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà nínú fíìmù ṣíṣe tí ó jẹ́ pé títọ ìlà lórí àwòrán tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìtàn iṣẹ́ náà ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, kí a lè mọ̀ bóyá àdàkọ ni ó yẹ kí a máa pè é. Rotoscoping ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Àwa yóò máa pè é ní àyàlé nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí pé ńṣe ni a ń ya àwòrán kan lé orí òmíràn; kí òǹkàwé jọ̀wọ́ má ṣe kà á bí ìyálé ilé.

Max Fleischer ni ó ṣe ẹ̀rọ tí a kọ́kọ́ fi ṣe iṣẹ́ náà. Ìlú Kraków ni a bí i sí ní ọdún 1883, ṣùgbọ́n ìlú New York ni ó dàgbà sí, nítorí pé àwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tí ó ṣì kéré. Ó ti bá ilé-iṣẹ́ ìwé-ìròyìn ṣe iṣẹ́ ayàwòrán, ó sì ti ṣiṣẹ́ fún ìwé-àtìgbàdégbà kan tí ó dá lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Nítorí náà, ó mọ gègé í lò, ó sì mọ tinú ẹ̀rọ. Àwọn àwòrán-ẹ̀fẹ̀ tí ń rìn lójú sinimá ayé ìgbà náà kì í rìn bí ènìyàn. Gbígbọ̀n ni wọ́n máa ń gbọ̀n jìgìjìgì. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ọdún 1915, Fleischer kọ̀wé sí ìjọba Amẹ́ríkà pé kí wọ́n fún òun ní ìwé-àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí òun ṣe láti wo ìṣòro yìí sàn. Wọ́n fún un ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 1917.

Ẹ̀rọ náà kò ṣòro láti yé ènìyàn. A ó kọ́kọ́ fi kámẹ́rà ya fíìmù ẹni tí ń rìn tàbí tí ń jó. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ yóò gbé ẹyọ àwòrán kan ṣoṣo láti inú fíìmù náà sára dígí láti ẹ̀yìn. Ayàwòrán yóò tẹ́ bébà sórí dígí náà, yóò tọ ìlà ara ènìyàn náà, yóò sún fíìmù síwájú ní ẹyọ kan, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fi àwòrán 16 hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ kí fíìmù tó máa sọ̀rọ̀, àwòrán 960 ni ìṣẹ́jú kan péré yóò gbà. Nígbà tí ohùn wọ inú fíìmù, tí a sì fi 24 ṣe òdiwọ̀n, ó di 1,440.

Dave, àbúrò Fleischer, ni ó wọ aṣọ aláwàdà tí wọ́n fi ya fíìmù àkọ́kọ́, òun náà ni ó sì di Koko, aláwàdà inú àwòrán tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ bí ẹni mowó láti ọdún 1918. Aṣọ dúdú tí ó ní bọ́tìnnì ńlá funfun ni. A rò pé ibí yìí ni a ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyè méjì nípa orúkọ náà, àdàkọ. Ojú fíìmù kún fún òjìji, fún ìṣẹ́po aṣọ, fún irun orí. Bí ayàwòrán bá tọ gbogbo rẹ̀ láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, àwòrán náà kò ní dúró sójú kan. Ìlà rẹ̀ yóò máa hó bí omi inú ìkòkò. Ó ní láti yan ìlà tí yóò dúró àti èyí tí yóò fi sílẹ̀, kí ó sì rántí ohun tí ó yàn nígbà tí ó bá dé orí àwòrán kejì, títí dé ẹ̀gbẹ̀rún.

Àpẹẹrẹ tí ó wù wá jù ni ti Cab Calloway, akọrin àti oníjó aláwọ̀ dúdú tí ó máa ń ṣeré ní Cotton Club ní Harlem, ibi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń ṣeré ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni a ń gbà wọlé wòran. Ní ọdún 1932, ilé-iṣẹ́ Fleischer ṣe àwòrán-ẹ̀fẹ̀ kan tí wọ́n pè ní Minnie the Moocher. Calloway fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ yọ, níwájú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, tí ó ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹran omi ńlá kan eléyín gígùn bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú ihò àpáta. Ẹsẹ̀ Calloway ni ẹran náà fi ń jó, ẹ̀yìn Calloway ni ó sì ń tẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, nínú Snow-White tí Roland Crandall yà, Koko ni ó gba ijó náà jó. Ó di iwin funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ó sì ń fi ohùn Calloway kọrin. Kò sí ìlà kan lára iwin náà tí ó bá ara ọkùnrin náà mu. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá ti rí i jó rí yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá da ìwé ẹnìkejì rẹ̀ kọ, ọ̀rọ̀ ni ó ń kó. Níhìn-ín, ara ti lọ pátápátá, ìrìn ni ó kù.

Ìwé-àṣẹ Fleischer tán ní ọdún 1934, ẹnikẹ́ni sì lè ṣe é láti ìgbà náà. Nígbà tí Walt Disney ń ṣe Snow White tirẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1937, ọmọbìnrin oníjó kan, Marjorie Belcher, ni wọ́n ya ní fíìmù kí àwọn ayàwòrán lè rí bí ọmọbìnrin ṣe ń yí, bí aṣọ sì ṣe ń tẹ̀ lé e. Dọ́là 10 ni wọ́n ń san fún un lóòjọ́. Kò sí orúkọ rẹ̀ lára àwọn orúkọ tí sinimá náà kọ jáde. Àwọn ayàwòrán náà kò tọ gbogbo ìlà rẹ̀. Wọ́n ń wò ó, wọ́n sì ń ṣe àtúnṣe sí i. Ilé-iṣẹ́ Fleischer gba ọ̀nà mìíràn nínú Gulliver's Travels ti ọdún 1939. Gulliver ni wọ́n tọ láti ara ènìyàn ní ìlà dé ìlà, àwọn ènìyàn kékeré tí ó yí i ká sì jẹ́ èyí tí wọ́n yà láti inú orí wọn. Nítorí náà, ó dà bí ẹni pé Gulliver wá láti inú fíìmù ọ̀tọ̀. Àwọn kan ti fi èyí dá àyàlé lẹ́jọ́. Ní tiwa, a rò pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ju pé wọn kò yan nǹkan kan sílẹ̀.

A kò gbọdọ̀ gbójú fo ọ̀rọ̀ owó. Láti oṣù kárùn-ún títí di oṣù kẹwàá ọdún 1937, àwọn òṣìṣẹ́ Fleischer da iṣẹ́ sílẹ̀ ní New York nítorí owó-oṣù àti iye wákàtí. Pàtàkì lára wọn ni àwọn tí ń fi táwà tẹ ìlà àti àwọn tí ń kun ọ̀dà, tí owó wọn kéré jù lọ. Ní ọdún 1938, ilé-iṣẹ́ náà kó lọ sí Miami.

Lẹ́yìn èyí, àyàlé rí iṣẹ́ mìíràn ṣe tí kì í ṣe ti ẹ̀fẹ̀, èyí sì ni ó wọ́pọ̀ jù lónìí. Ẹni tí ó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti Abẹ́òkúta yóò tètè lóye rẹ̀. Oníbátànì a gé páànù ní ihò, aláró a fi ẹ̀kọ gba inú ihò náà, ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní mú un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti fíìmù. Bí a bá ya ọkọ̀ òfurufú lọ́tọ̀, tí a ya ìràwọ̀ lọ́tọ̀, tí a sì tẹ méjèèjì sórí fíìmù kan, ìràwọ̀ yóò máa tàn gba inú ọkọ̀. Kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀, ayàwòrán yóò tọ etí ọkọ̀ náà, yóò kùn ún ní dúdú, dúdú náà yóò sì dènà ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ní ibi tí ọkọ̀ yóò jókòó sí. Báyìí ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú 2001: A Space Odyssey tí ó jáde ní ọdún 1968. Nínú Star Wars ti ọdún 1977, ọ̀pá lásán ni àwọn òṣèré mú lọ́wọ́. Àwọn ayàwòrán ni ó fi ìmọ́lẹ̀ sí i lára, ní ẹyọ àwòrán kọ̀ọ̀kan, tí ó fi di idà iná. Iṣẹ́ tí ó dára jù nínú èyí ni iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé a ṣe.

Kọ̀ǹpútà ni ó gba ipò dígí àti bébà láti àwọn ọdún 1990. Ìlà tí a ń lò nínú rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Pierre Bézier, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Renault ní ilẹ̀ Faransé, tí ó lò ó fún yíya ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní àwọn ọdún 1960. Ọmọṣẹ́ yóò fi àmì kéékèèké yí etí ohun tí ó ń tọ̀ ká, ẹ̀rọ yóò sì fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ so wọ́n pọ̀. Ohun tí ó máa ń ṣòro fún ọmọṣẹ́ tuntun ni pé kì í fẹ́ fi àmì mọ níwọ̀n, nígbà tí ó jẹ́ pé bí àmì bá ti pọ̀ tó ni etí yóò ti máa gbọ̀n tó. Kò sì gbọdọ̀ fi ìlà kan yí odindi ènìyàn ká: orí lọ́tọ̀, apá lọ́tọ̀, ìgbọ̀nwọ́ sí ọwọ́ lọ́tọ̀. Kò gbọdọ̀ máa lọ láti àwòrán kìn-ín-ní sí èkejì sí ẹ̀kẹta. Yóò wá ibi tí ìrìn náà ti yí padà, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ kanlẹ̀ tàbí tí apá dé òkè pátápátá, yóò to àmì rẹ̀ síbẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò dé àárín, àti àárín àárín. Bí apá bá ń sáré, etí rẹ̀ a máa ṣú bàìbàì nínú fíìmù. Ìlà tí ó bá mú ṣáṣá níbẹ̀, irọ́ ni ó ń pa.

Láti ọdún 2010 ni a ti ní irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Roto Brush, tí ó ń wá etí ènìyàn fúnra rẹ̀, ó sì ti dára sí i púpọ̀ láti ìgbà náà. Ó máa ń dá ẹni tí ó dúró síwájú ògiri funfun mọ̀ láìsí wàhálà. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ irun orí, tàbí bí ènìyàn méjì bá gba iwájú ara wọn kọjá, ó ṣì lè dàrú, olùyàwòrán yóò sì padà sídìí àmì rẹ̀. Ohun tí ń dùn wá nípa rẹ̀ ni pé ìdí àyàlé yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti máa ń fi ọmọṣẹ́ tuntun sí kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ ńlá lé e lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ bí ìgbọ̀nwọ́ ṣe ń yí nínú apá aṣọ, àti bí òjìji ṣe ń ya ara lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe Loving Vincent, tí ó jáde ní ọdún 2017, wọ́n ya àwọn òṣèré ní fíìmù, lẹ́yìn náà ni àwọn ayàwòrán 125 fi ọ̀dà olóròóró ya nǹkan bí 65,000 àwòrán lé e lórí, ní ọwọ́ ọnà Van Gogh. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ bí yóò ṣe máa da ọ̀nà tí Van Gogh ń gbà ya àwòrán mọ̀.